Àgbò Gíga Tí Mo Rà fún Ìyá Kífáyà

Yàrá wa ni, ṣùgbọ́n kò ní ògiri. Bẹ́ẹ̀dì wà níbi tó máa ń wà, aṣọ ìkélé tí ìyàwó mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ rán sì rọ̀ sílẹ̀ láìsí ohun tó so ó rọ̀. Níbi tó yẹ kí sìmẹ́ńtì wà, àpáta ni mo rí, àpáta tó tẹ́jú bí èyí tí àwọn obìnrin Igbẹ́tì máa ń sá láfún sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Oòrùn ń ràn, àmọ́ kò sí ohun kan tó ní òjìji. Mo wo ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ara mi. Èmi náà ò ní.

Àwọn àgùntàn wa dúró káàkiri orí àpáta náà. Mo mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń la ẹnu bí ìgbà tí àgùntàn bá ń ké, síbẹ̀ mi ò gbọ́ ohùn wọn. Ìró omi tó ń kán ni mò ń gbọ́, ó ń kán sínú nǹkan kan tí mi ò rí. Mo fẹ́ ka àwọn ẹran náà. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ òsì, mo ka márùn-ún, mo ka mẹ́fà, èyí àkọ́kọ́ ti ṣípò padà, mo tún bẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń dúró de iye tí mo bá kà, mi ò sì gbọdọ̀ ṣì í kà.

Ìgbà tí mo yí ọrùn padà ni mo rí i. Ìyá Kífáyà, ìyàwó mi, wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́yìn abo àgùntàn kan, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Ẹ̀wù kakí mi àtijọ́ ló wọ̀, èyí tí mo fi ṣiṣẹ́ wólé-wólé kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀wù yẹn ló máa ń wọ̀ bí ẹran bá ń rọbí, nítorí ó nípọn, kò sì sí ẹni tó ka àbàwọ́n ara rẹ̀ sí. Ó ti ká apá rẹ̀ dé òkè ìgúnpá.

Mo mọ̀ pé ó ti kú. Lójú àlá náà gan-an, mo mọ̀. Oṣù mẹ́rìnlá ti kọjá tí ẹ̀jẹ̀ ríru mú un lọ láàárín ọjọ́ méjì, èmi náà sì wà lára àwọn tó da yẹ̀pẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ yẹn kàn jókòó sí kọ̀rọ̀ ọkàn mi bí àlejò tí kò fẹ́ dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ohun tó ń jẹ mí lógún ni pé mi ò tíì ka àwọn ẹran tán.

Èmi kì í sùn lọ́sàn-án. Ó yẹ kí n sọ bí oorun ṣe rí mi gbé lọ́jọ́ náà, nítorí ohun tó fa oorun ọ̀hún ló fa àlá.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Mo ti kírun dé, mo sì ti ṣèlérí fún Alájì Bùsàrí pé kí Àlàásárì tó pé, òun á gbọ́ èsì lẹ́nu mi. Alágbàtà ẹran ni Alájì, òkè Ọya ló ti ń kó àgbò wá. Ó ní àgbò funfun kan nílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà, àgbò tó jẹ́ pé bí mo bá dúró tì í, ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìbàdí mi. Ìwo rẹ̀ ká lẹ́ẹ̀mejì. Bí wọ́n bá ń fà á kọjá lójú títì, àwọn ọlọ́kadà á dín eré kù kí wọ́n lè wò ó dáadáa.

Àgbò kejì wà ní Abà Gbẹ́dẹ̀, lọ́dọ̀ opó àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Sénábù. Pupa ni, kúkurú, ó ki bí odó. Iye tí Alájì ń bèèrè lórí funfun ni obìnrin náà ń bèèrè lórí pupa. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́. Kò bá mi rẹ́rìn-ín.

"Ẹ lọ wo ìyá rẹ̀ lẹ́yìnkùlé," ló wí. "Bí ẹ bá ti wò ó tán, tí ó bá ṣì ń pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ máa rẹ́rìn-ín lọ."

Mi ò lọ wò ó. Kífáyà ló lọ.

Kífáyà ni ọmọ tí Ọlọ́run fi sí ìtòsí mi. Ilé ọkọ rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí tiwa, kò sì sí àárọ̀ tí kì í wá tọ́jú àwọn ẹran. Kí ìyá rẹ̀ tó dákẹ́, ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé agbo náà di ti Kífáyà. Mi ò ta kò ó. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ mi ni ọgbà wà, owó tí a fẹ́ fi ra àgbò wà lọ́wọ́ mi, ọmọ tí a sì kọ́ dáadáa kì í fa ọ̀rọ̀ mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà fi ń yí lọ, tó ń yí bọ̀.

A ní abo méjìdínlógún. Kò sí àgbò láàárín wọn láti ìgbà tí Iléyá ti kọjá, nítorí èyí tí a ní tẹ́lẹ̀ ti lo ọdún mẹ́ta, àwọn ọmọ tirẹ̀ ti dàgbà tó akọ, a sì ní láti tà á kó má baà di pé ó ń gun ọmọ bíbí inú ara rẹ̀. Agbo tí kò ní àgbò, oúnjẹ lásán ló ń jẹ. Lójoojúmọ́ ni èèpo ẹ̀gẹ́ ń wọlé, tí koríko ń wọlé, tí ohunkóhun kò sì dúró nínú ikùn abo kankan. Bí oṣù kan bá tún kọjá, ọmọ tó yẹ kó tó tà ní Iléyá tó ń bọ̀ kò ní tó tà. Owó àgbò kan ló sì wà nílẹ̀. Bí a bá ra èyí tí kò yẹ, kò sí òmíràn títí ọdún méjì.

Ní àárọ̀ Jímọ̀ yẹn, èmi àti Kífáyà tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọgbà.

"Bàbá mi, mo ti rí ìyá àgbò pupa yẹn," ló wí. "Ó ti bímọ lẹ́ẹ̀mẹrin, méjì méjì ló bí, kò sì sí ìkankan tó kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmú rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, ó rọ̀. Mo fọwọ́ kàn án."

"Lọ́jọ́ Iléyá, Kífáyà, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ọmú."

"Mo mọ̀. Àmọ́ ká tó dé ọjọ́ Iléyá, abo á ti bí, ọmọ á ti yè. Ọmọ méjì tó sanra, bí wọn ò tiẹ̀ ga, wọ́n á borí ẹyọ kan tó ga."

"Ẹyọ kan nínú ọmọ funfun yẹn, owó méjì ló máa pa."

"Bí ó bá jáde."

Ó rọra sọ ọ́, ó sì tẹ ojú mọ́lẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ni ìtumọ̀ bí ó bá jáde?"

"Kò sí nǹkan kan, Bàbá mi." Ó gbé agbọ̀n èèpo rẹ̀, ó wọnú ọgbà lọ.

Mo bínú. Mi ò lè sọ ohun tí mò ń bínú sí. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni àwọn kan ti ń sọ ọ́ ní ìta mọ́ṣáláṣí pé agbo Ìyá Kífáyà máa tó dọbẹ̀, pé ọwọ́ rẹ̀ ló gbé e ró, pé èmi ò mọ̀ ju kí n máa wo ìkòkò omi onílé lọ. Wọ́n ń fi í ṣe àwàdà. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n máa kọjá lójú títì, kí wọ́n rí àgbò funfun yẹn lókè ọgbà, kí àwàdà náà sì tán.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa fẹ́ràn àgbò gíga.

Ìyàwó mi kò kàwé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó mọ ìṣirò àgùntàn tó o ní àdúgbò wa. Ó máa ń sọ pé abo kan tó dára, ọmọ tirẹ̀ nìkan ló máa tún ṣe, ṣùgbọ́n àgbò kan ni ìdajì agbo, nítorí gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí lọ́dún yẹn, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló wà lára wọn. Fún ìdí èyí, owó àgbò kì í ṣe owó ẹran kan lójú tirẹ̀. Owó gbogbo ọmọ tí wọn ò tíì bí ni. Bí ó bá lọ ra àgbò, kì í wo ìwo, kì í wo ìdúró. Á ní, "Ẹ mú ìyá rẹ̀ wá kí n rí i." Bí ẹni tó ń tà á bá ní ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí, á dúpẹ́, á máa lọ sílé. Ó ní ọmú ìyá àgbò lòun ń rà. Ó ní gíga kì í bímọ.

Lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, ìyẹn ọdún kejìlá rèé, mo gba owó ìfẹ̀yìntì, mo sì ra àgbò òkè Ọya kan wálé fún un. Mi ò sọ fún un tẹ́lẹ̀. Mo fẹ́ kó bá a lójijì. Funfun ni àgbò náà, ó ga, ó ń yan. Ìyàwó mi jáde láti ilé ìdáná, ó dúró, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, olówó orí mi. Ọlọ́run á bá mi dá a padà fún yín." Kò bèèrè ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọn èèyàn wá wo àgbò yẹn fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Mo máa ń gbé àga síta kí n lè wà níbẹ̀ bí wọ́n bá dé.

Nígbà tí àsìkò ìbímọ dé, abo mẹ́ta kú. Èyí tó dùn wá jù nínú wọn ni Ìyálé, abo dúdú kan tó ní etí òsì yíya, tí ìyá ìyàwó mi fún un nígbà tí Kífáyà wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì ti dàgbà jù lọ nínú agbo. Mo bi ìyàwó mi pé kí ló pa wọ́n. Ó ní ikọ́ ni. Èmi wólé-wólé, mo gba ọ̀rọ̀ ikọ́ náà bí ẹni gba iṣẹ́ ìjọba. Mo ní kí wọ́n gbá ọgbà, kí wọ́n jó ìgbẹ́ rẹ̀, mo fi ẹfun kun gbogbo ara igi rẹ̀ títí ó fi ń tàn. Ní Iléyá ọdún náà, ìyàwó mi ta àgbò gíga, ó ní wọ́n fún òun lówó tó dára. Ó lọ ra òmíràn tó kúrú, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bèèrè pé àgbò tí ọkọ òun rà, owó ló bí fún òun.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Èmi náà ń sọ bẹ́ẹ̀ títí di Jímọ̀ tí mò ń sọ yìí.

Nígbà tí mo kírun dé, mo rìn láti pálọ̀ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rìn padà. Mo jókòó, mo dìde. Mo ṣe ìṣirò ọmọ funfun, mo ṣe ti ọmọ pupa, ìkọ̀ọ̀kan ló ń wọlé fún mi bí mo bá ti ń ṣe é, tí yóò sì tún dàrú bí mo bá dé òpin. Ooru mú. Mo ní kí n kàn na ẹ̀yìn lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé fóònù lé àyà mi kí n lè gbọ́ bí Alájì bá pè. Ibẹ̀ ni mo wà tí ògiri yàrá fi lọ.

"Ìyá Kífáyà," ni mo pè é.

Kò yíjú. "Ẹ rọra. Ẹ jẹ́ kó mí."

Ohùn rẹ̀ ni, ohùn tó máa ń lò bí ọmọ bá ń sùn nínú ilé. Mo sún mọ́ ọn. Igbá òrí kékeré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu díẹ̀, ó fi ra ọwọ́ láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, láìyára, bí ó ṣe máa ń ṣe é. Òórùn òrí náà wọ imú mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi.

"Nígbà wo lo dé?"

"Ẹran ló ń rọbí," ló wí, bí ẹni pé ìyẹn ti dáhùn ìbéèrè náà. "Ẹ bá mi di orí rẹ̀ mú."

Mi ò di orí àgùntàn tó ń rọbí mú rí láyé mi. Bí ìrọbí bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́gbà wa, èmi a ti kọrí sí mọ́ṣáláṣí, tàbí kí n rántí pé ó yẹ kí n kí ẹnìkan tí ara rẹ̀ kò yá. Àmọ́ mo kúnlẹ̀. Àpáta náà rọ̀ lábẹ́ orúnkún mi bí ẹ̀kọ tí kò tíì dì tán. Mo di orí ẹran náà mú, mo rí etí rẹ̀ tó ya, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìyálé ni. Èémí rẹ̀ gbóná lọ́wọ́ mi. Ó ń wò mí, kò ṣẹ́jú.

Ìyàwó mi ti ọwọ́ bọ inú. Ó fa ẹsẹ̀ kan jáde, ẹsẹ̀ funfun. Ó ń fà á, ẹsẹ̀ náà ń bọ̀, kò tán. Ó gùn ju apá mi lọ. Ó gùn ju okùn kànga lọ. Ó ń ká jọ sórí àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá òrí, orí ọmọ ò sì yọ. Ìyá Kífáyà kò kánjú. Ó ń fà, ó ń sinmi, ó ń fà, ìró omi tó ń kán sì ń yára sí i. Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dáwọ́ dúró. Ahọ́n mi wúwo. Gbogbo àgùntàn tó kù ti kọjú sí wa, wọ́n la ẹnu.

"Ó gùn jù," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Ara abo yìí kéré. Ọ̀nà rẹ̀ kéré."

"Ṣé kò ní yè ni?"

Ó fi iwájú orí ti ẹ̀yìn ẹran náà, ó sinmi díẹ̀.

"Lọ́dún yẹn," ló wí, "ẹ bi mí pé kí ló pa wọ́n."

"Mo rántí. O ní ikọ́ ni."

"Mo ní ikọ́ ni." Ó mí. "Ẹ sì yára gbà á."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Bí ìbínú bá wà níbẹ̀, mo mọ ohun tí ǹ bá wí. Ǹ bá ní mi ò mọ̀. Mo wo ọwọ́ mi lára orí Ìyálé, mo sì di ẹran náà mú sí i.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀bùn ni ẹ rà fún mi. Gbogbo àdúgbò ló wá wò ó." Ó bu òrí sí i. "Mi ò lè jẹ́ kí ojú tì yín níbi tí mo bá wà, Bàbá Kífáyà."

"Ní báyìí ńkọ́?"

Ìgbà yẹn ló tó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ni, bí ó ṣe rí ní ọdún tó lọ, bí ó ti rẹ̀ ẹ́ náà ló ṣe rẹ̀ ẹ́. Kò wọ ìmọ́lẹ̀ kankan, kò sì di ọ̀dọ́. Ó fi ọwọ́ méjèèjì nu ara ẹ̀wù kakí mi. Ó nu ún títí, ibi tó ń nù kò sì mọ́.

"Ní báyìí, mi ò sí níbẹ̀ mọ́," ló wí.

Ó tún kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan sí i, mo sì gbọ́ ohùn Ìyálé. Òun nìkan ló ké nínú gbogbo wọn. Kò pariwo. Ó kàn ké lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń pe èèyàn tó wà nínú yàrá kejì.

Fóònù ló ń gbọ̀n lórí àyà mi. Mo lajú, ògiri ti padà, òógùn ti mú ẹ̀wù mi rin gbingbin. Ọwọ́ mi méjèèjì fún ìrọ̀rí mú débi pé ìka ń ro mí. Mi ò gbé fóònù náà. Ó dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wá ohun tí ìyàwó mi sọ fún mi tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mi ò rí ìkankan. Ohun tó le níbẹ̀ nìyẹn. Ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, mo rí ẹ̀wù kakí yẹn nínú omi ọṣẹ lẹ́yìnkùlé, omi náà pupa. Mo rí ìyàwó mi tó ń fọ apá rẹ̀ dé èjìká. Ikọ́ kì í mú ẹ̀jẹ̀ dé èjìká ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn. Èmi ni mo máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà onílé, tí màá sì rí tanwíji nínú ìkòkò omi rẹ̀ láti ìta. Ojú yìí kan náà rí gbogbo rẹ̀, ó gbà pé ikọ́ ni, ó lọ po ẹfun.

Ó fi abo mẹ́ta bò mí láṣìírí. Ìyálé wà nínú wọn. Kò sì sọ ọ́ fún mi títí ó fi kú, èmi náà ò sì bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá bèèrè lẹ́ẹ̀kejì, ó lè sọ òótọ́.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Mo gbé e.

"Bàbá Kífáyà, Àlàásárì ti fẹ́ẹ́ pé," ni Alájì Bùsàrí wí. "Ẹnìkan láti Kíṣí ló dúró níwájú mi yìí. Owó wà lápò rẹ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè."

"Ẹ fún un, Alájì."

"Ṣé owó ni ò tíì pé ni? Ọ̀rọ̀ yẹn kò le láàárín wa."

"Owó pé. Àwọn abo wa ló kéré. Ọmọ rẹ̀ á pa wọ́n."

"Ìyẹn náà máa ń ṣẹlẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì yí padà, ó di ti ẹni tó mọ̀ ju ohun tó ń tà lọ. "Ìyàwó yín sọ bẹ́ẹ̀ fún mi nígbà kan. Kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ."

Mo ní àmín. Mo wá jáde.

Kífáyà wà lẹ́yìn ọgbà, ó ń tú èèpo ẹ̀gẹ́ ká sórí àpáta kí oòrùn lè gbẹ ẹ́. Ó rí mi, ó nàró. Bóyá ó rò pé mo wá sọ fún un pé mo ti ra funfun ni, nítorí ó ti gbá ojú rẹ̀ jọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbá a jọ bí ó bá fẹ́ fara da nǹkan.

"Kífáyà."

"Bàbá mi."

"Àwọn mẹ́ta tó kú lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì, ikọ́ kọ́ ló pa wọ́n."

Kò bèèrè ibi tí mo ti gbọ́. Ó gbọn èèpo ọwọ́ rẹ̀ dànù.

"Rárá," ló wí. "Ikọ́ kọ́."

"O mọ̀."

"Èmi ni mo di orí wọn mú, Bàbá mi. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún nígbà náà ni. Màmá ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n ní ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀, pé ẹ ń jí láàárọ̀ láìmọ ibi tí ẹ máa lọ, pé àgbò yẹn nìkan ló ń mú inú yín dùn." Ó wo ọgbà. "Wọ́n ní ẹran á tún bí ẹran."

Mo wá àyè jókòó létí àpáta, ó ti gbóná, mo jókòó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ mo sọ fún un pé a ò ra funfun mọ́, pé bí mo bá ti kírun tán, àwa méjèèjì á mú owó lọ sí Abà Gbẹ́dẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, àti pé òun ni yóò bá Ìyá Sénábù sọ̀rọ̀, èmi á kàn dúró. Ó ní ó dára. Kò yọ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í tú èèpo ká.

"Ìyálé ńkọ́?" ni mo wí. "Ṣé ó pẹ́?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Ẹ má bèèrè ìyẹn, Bàbá mi."

"Mi ò bèèrè nígbà yẹn. Mo fẹ́ mọ̀."

Ó wò mí títí. Ó wá nawọ́ sókè igi òrí tó wà lápá ìlà-oòrùn ọgbà. "Oòrùn wà níbẹ̀ yẹn nígbà tó bẹ̀rẹ̀," ló wí. Ó yí ara rẹ̀ padà díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, títí ó fi nà án sí òkè ilé àwọn aládùúgbò wa ní ìwọ̀-oòrùn. "Nígbà tó parí, ó wà níbí."

Mo wo gbogbo ojú ọ̀run tó wà láàárín ibi méjèèjì náà. Ladáànì bẹ̀rẹ̀ sí í pe Àlàásárì. Mi ò tíì dìde.

"Jókòó," ni mo wí fún ọmọ mi. "Sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀."